Iná tí kò mọ́lẹ̀, ṣé iná náà ni?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bradford ni mo ń gbé, mo sì bí ìbejì lóṣù tó kọjá. Màmá mi wá láti Ọ̀fà láti bá mi wẹ àwọn ọmọ. Ilé tí a rà ti pẹ́, ààrò tí wọ́n ń dá èédú sí wà nínú pálọ̀ rẹ̀, owó gáàsì sì ti ju agbára wa lọ. Ọkọ mi ra àpò èédú kan tí wọ́n kọ ‘smokeless’ (tí kì í rú èéfín) sí lára. Ó ń gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀. Ó kàn ń pọ́n lábẹ́lẹ̀ ni. Màmá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Wọ́n ní èédú tí bàbá àwọn máa ń kó bọ̀ láti rélùwéè nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí ògùsọ̀ ló ṣe ń jó, àwọn a sì máa kàwé nídìí rẹ̀ lálẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ ta èédú àtijọ́ kiri ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé ká ra tiẹ̀? Màmá tún ní ká ra èédú onígi tí wọ́n fi ń yan ẹran, ká dá a sínú àdògán ní yàrá àwọn ọmọ. Èwo ni ká ṣe?”

Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Kí Ẹlẹ́dàá bá wa wo ìbejì, kí Màmá sì jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Kí n tó dáhùn ohunkóhun: ẹ má gbé àdògán wọ yàrá àwọn ọmọ. Ẹ má gbé e wọ pálọ̀, ẹ má gbé e wọ ilé ìdáná, bí ẹ tilẹ̀ ṣí gbogbo fèrèsé. Bí ẹ bá ti ka ibí yìí, tí ọmọ wá ń sunkún, tí ẹ kò ráyè ka ìyókù, ọkàn mi ti balẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó wá ku ẹjọ́ èédú. Wọn kò ta ayédèrú fún ọkọ yín, Màmá náà kò sì purọ́. Ohun tí wọ́n rí ní Ọ̀fà àti ohun tó wà nínú ààrò yín, èédú ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lára ti Ọ̀fà tí kò sí lára tiyín. Ìmọ́lẹ̀ ni.

Ẹ bi Màmá léèrè ohun tí àwọn ìyá tiwọn fi ń ríran lálẹ́ kí fìtílà onígò tó kárí. Ògùsọ̀ ni wọn yóò sọ. Bí wọ́n bá gún ẹyìn, tí wọ́n fún epo rẹ̀ tán, epo kì í tán pátápátá lára pàǹtírí tó ṣẹ́ kù. Òun ni wọ́n ń dì, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń fi iná sí. Ó ń mọ́lẹ̀ kedere, ó sì ń rú èéfín bí ẹni pé ilé ń jó. Ẹ wá tún bi wọ́n léèrè áyọ́ọ̀nù ayé àtijọ́, èyí tó ní ìdérí, tí wọ́n ń kó ẹ̀yin iná sí nínú. Ṣé ahọ́n iná máa ń yọ níbẹ̀? Bó bá yọ, aṣọ funfun ọjọ́ Àìkú ti bàjẹ́ nìyẹn. Èédú inú áyọ́ọ̀nù ń gbóná, kò sì mọ́lẹ̀. Ògùsọ̀ ń mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi lọ aṣọ? Àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé iná tí a fi ń ríran yàtọ̀ sí iná tí a fi ń yá.

Ohun tó fà á nìyí. Ahọ́n iná tí ojú ń rí, igi tàbí èédú fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jó níbẹ̀. Bí ooru bá wọ inú igi, epo àti gáàsì inú rẹ̀ á kọ́kọ́ tú jáde, àwọn wọ̀nyí ló ń jó lókè tí a ń pè ní ahọ́n iná. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń tàn yẹn ti ara àwọn ẹyọ èédú tó kéré ju iyẹ̀fun lọ ni, tí wọ́n gbóná débi tí wọ́n ń tàn bí irin alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó bá rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó á jó tán. Àwọn tí kò rí i á tutù, wọ́n á dúdú, wọ́n á gòkè lọ. Èéfín nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ àti èéfín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbé ẹ̀yìn ṣíbí sórí iná àbẹ́là fún ìṣẹ́jú kan, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ gbé ṣíbí mìíràn sórí iná sítóòfù gáàsì tó ní àwọ̀ aró: ó gbóná ju ti àbẹ́là lọ, kò mọ́lẹ̀, ṣíbí kò sì dúdú.

Èédú ilẹ̀ ńkọ́? Ewéko inú àbàtà ni, tó wó lulẹ̀, tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ fún mọ́ra fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún. Ti ilẹ̀ Yorkshire tí ẹ ń gbé yìí ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún. Bó ṣe ń pẹ́ sí i lábẹ́ ìfúnpá àti ooru ni gáàsì inú rẹ̀ ń dínkù, tó sì ń le sí i. Èyí tó ṣì rọ̀, tó kún fún gáàsì, ló ń jó bí ògùsọ̀. Èyí tó pẹ́ jù, tó le jù, ni wọ́n ń pè ní anthracite. Ó ń dán bí ojú dígí, kì í yí ọwọ́ bí a bá dì í mú, ìpèníjà ni láti tàn án, ṣùgbọ́n bó bá ràn tán, ó ń jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìrú èéfín kankan tí ojú lè rí. Gúúsù Wales ni wọ́n ti máa ń wa èyí tó dára jù ní ilẹ̀ Britain.

Èédú tí bàbá Màmá ń kó wálé, ó dá mi lójú pé ti Enugu ni. Bàbá tèmi náà jẹ́ fáyámààn, ẹni tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin, ní rélùwéè, láti Ìbàdàn dé Jẹ́bà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ èédú náà dáadáa. Ọdún 1909 ni àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́nì kiri fún ìjọba òyìnbó rí i ní òkè Udi. Fàdákà ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ní 1916 ojú irin láti Port Harcourt dé ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, èédú tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wá láti ilẹ̀ Britain ló ń jẹ! Èédú Enugu kò pẹ́ nílẹ̀ tó ti Yorkshire, ó rọ̀ díẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń jó lálá, tí ọmọdé lè kàwé nídìí rẹ̀. Òun náà ló fà á tí ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà fi ń tú èéfín dúdú bí ìkùukùu òjò. Bàbá mi máa ń sọ pé bí èéfín bá ti dúdú jù, dẹ́rẹ́bà á pariwo mọ́ àwọn: owó ìjọba ló ń fò lọ yẹn. Wọn kì í da èédú kún inú iná lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fọ́n ọn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí gáàsì rẹ̀ lè jó tán kó tó rí ọ̀nà sá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà bá a.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ èédú Enugu kí n má rántí àwọn tó wà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní Iva Valley, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn, 21 ló kú. Iná Èkó nígbà náà ń jẹ nínú làálàá wọn. Ìjọra, tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná sí ní 1923, èédú Enugu ló ń jó níbẹ̀: èédú ń se omi, ooru omi ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń tan gílóòbù. Nítorí náà bí Màmá bá sọ pé èédú máa ń mọ́lẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ wọn fi jẹ́ òótọ́.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ló sì sún mọ́ ìbéèrè yín jù. Ní 1792, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Murdoch ní Redruth, ní ilẹ̀ Cornwall, kó èédú sínú ìkòkò irin, ó dé e pa, ó dá iná sí abẹ́ rẹ̀. Èédú kò lè jó nítorí kò rí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n gáàsì inú rẹ̀ tú jáde. Ó fi páìpù gbé gáàsì náà yí inú ilé rẹ̀ ká, ó fi iná sí ẹnu páìpù, ilé mọ́lẹ̀. Ní 1807 wọ́n fi irú iná yẹn sí Pall Mall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1812 ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún ìlú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣe? Ó yọ ògùsọ̀ kúrò lára áyọ́ọ̀nù. Gáàsì lọ mọ́lẹ̀ ní ojú títì, èyí tó kù nínú ìkòkò, tó fúyẹ́, tó ní ihò ihò, tí wọ́n ń pè ní coke, lọ gbóná nínú ààrò láìrú èéfín. Ohun tí àwọn ará Òkè-Ògùn ń ṣe sí igi nìyẹn gẹ́lẹ́, tí wọ́n bá tò ó jọ, tí wọ́n fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, tí wọ́n jẹ́ kó máa jó lábẹ́nú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi di èédú.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin Austria kan, Auer, ní 1885, wá ronú ohun mìíràn: kí ló dé tí a ó máa dúró de ẹyọ èéfín kó tó mọ́lẹ̀? Ó hun àpò kékeré funfun, ó fi sórí iná gáàsì aláwọ̀ aró, àpò náà gbóná, ó sì mọ́lẹ̀ yòò. Màmá mọ̀ ọ́n. Àpò kan náà ló wà nínú fìtílà gáàsì tí a máa ń gbé kọ́ sí ibi ìnáwó lóru kí jẹnẹrétọ̀ tó gba ayé kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹrosíìnì ni tiwa ń mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò Murdoch ju coke lọ. Ọ̀dà dúdú kan tó ń rùn tún máa ń ṣàn jáde. Orúkọ rẹ̀ ni àwa ń pè ní kólútà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe títì báyìí. Inú ọ̀dà yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí kánfọ̀ funfun roboto tí àwọn ìyá wa ń jù sínú àpótí aṣọ. Inú rẹ̀ náà ni William Perkin, ọmọ ọdún 18, ti rí aró òyìnbó àkọ́kọ́ ní 1856. Nígbà tó di 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kánfọ̀ yẹn ṣe ẹ̀lú, irú aró gan-an tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń fi ewé ẹ̀lú pa. Aró òyìnbó dé Abẹ́òkúta, ó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti ààfin ní àwọn ọdún 1930. Ẹ wo bí èédú ṣe rìn jìnnà tó. (Ẹ má sì fi kánfọ̀ sínú aṣọ ìbejì o. Kò dára fún ìkókó, pàápàá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, àìtó yìí sì pọ̀ láàárín wa.)

Mo ti padà. Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ìmọ́lẹ̀ kúrò nínú èédú tí wọ́n tà fún yín? Nítorí èéfín ni. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, òtútù mú ní Lọ́ńdọ̀nù, atẹ́gùn kò fẹ́, olúkúlùkù sì ń dá èédú nínú ààrò rẹ̀. Èéfín kò rí ibi gbà. Ó bo ìlú débi pé ẹlòmíràn kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa. Àwọn tó padà ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Ní 1956 wọ́n ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, wọ́n sì ya àwọn àdúgbò kan sọ́tọ̀ pé èéfín kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀.

Òfin tó kàn yín gan-an kò tíì pẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọn kò gbọdọ̀ ta èédú ilé ti àtijọ́ inú àpò mọ́ ní England fún dídá nínú ilé. Láti ọjọ́ kan náà ní 2023, èyí tí kò sí nínú àpò náà ti di èèwọ̀. Anthracite ṣì wà ní títà. Àwọn èédú tí wọ́n mọ bí àkàrà, bíi tiyín, wà pẹ̀lú, bí imí-ọjọ́ inú wọn kò bá tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tí èéfín wọn kò sì tó gíráàmù márùn-ún ní wákàtí kan. Ẹ wo ara àpò fún àmì ‘Ready to Burn’. Iyẹ̀fun anthracite àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi omi dúdú tó ṣẹ́ kù lára ṣúgà ìrèké lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Nítorí náà ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn, ohun tí òfin kọ̀ ló ń tà. Bí àdúgbò yín bá wà lára àwọn tí wọ́n ti ka èéfín léèwọ̀, tí ẹ sì ra irú èédú bẹ́ẹ̀ fún ààrò yín, owó ìtanràn lè tó £1,000. Èéfín tó bá jáde lórí òrùlé yín lásán lè gba £300 lọ́wọ́ yín. Ojú òpó kánsù yín ni ẹ ti lè mọ̀ bóyá àdúgbò yín wà níbẹ̀. Èéfín nìwà, rírú ní í rú: kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi í pamọ́ fún ẹni tó ń gbé òdìkejì títì. Yàtọ̀ sí ti òfin, èédú rẹ̀ ń fi ọ̀dà sí ara ihò èéfín, ọ̀dà yẹn sì lè gbiná lóru. Mo ti bá irú ilé bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá nínú ògiri.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe dá èyí tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí mo fura pé bí ẹ ṣe ń dá igi lẹ ṣe ń dá a. Igi a máa jó lórí eérú ara rẹ̀, atẹ́gùn orí ló ń jẹ. Èédú ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ló ti ń mí. Ẹ rántí alágbẹ̀dẹ: ibo ni ẹnu ẹwìrì rẹ̀ máa ń wà? Orí kọ́, ìdí iná ni. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń tò èédú lé, àárín wọn gbọ́dọ̀ mọ́, kí atẹ́ eérú abẹ́ wọn má sì kún. Bí ẹ bá jẹ́ kí eérú kún dé ìdí irin, iná á kú lójú, irin fúnra rẹ̀ á sì tẹ̀ nítorí kò rí atẹ́gùn tútù tí yóò tù ú. Ẹ gbá a jáde ní àràárọ̀ kí ẹ tó dá òmíràn.

Ẹ fi igi gbígbẹ wẹ́wẹ́ tan án, ẹ jẹ́ kó jó dáadáa, ẹ wá fọ́n èédú díẹ̀ lé e. Ẹ dúró. Nígbà tí èyí bá ti pọ́n ni kí ẹ tó fi òmíràn kún un, díẹ̀díẹ̀, bí bàbá mi àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ó lè tó wákàtí kan kí yàrá tó gbóná, sùúrù ni. Ẹ má koná ní gbogbo ìgbà. Màmá á fẹ́ koná, gbogbo ìyá ló máa ń fẹ́ koná, ṣùgbọ́n èédú tí a bá ń rú ṣáá kì í pọ́n. Bí ẹ bá rí ahọ́n kékeré aláwọ̀ aró tó ń jó lórí ẹ̀yin iná, inú mi á dùn: gáàsì kan ló ń jó tán níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí kò bá jó, ó lè pani. Ẹ má da igi tútù pọ̀ mọ́ èédú. Omi inú igi á pàdé imí-ọjọ́ inú èédú, ohun tí wọ́n máa bí á máa jẹ inú ihò èéfín yín bí ìdin.

Ẹ má sì retí ohun tí ààrò tó ṣí sílẹ̀ kò lè ṣe. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ ń bá ihò èéfín lọ sójú ọ̀run. Pálọ̀ nìkan ló lè mú gbóná. Bí owó bá wà kí òtútù ọdún tó ń bọ̀ tó dé, sítóòfù irin onílẹ̀kùn dára jù ú lọ jìnnà: èédú kan náà, ooru bí ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Títí dìgbà náà, ẹ má gé gáàsì yín. Yàrá àwọn ọmọ kò tilẹ̀ nílò ooru tí Màmá ń rò. Àwọn elétò ìlera níbí ní kó wà láàárín 16 sí 20 ní ìwọ̀n Celsius. Mo mọ̀ pé ní Ọ̀fà, ìyẹn á jọ ìyà. Ìbejì tí ooru mú jù wà nínú ewu ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tutù díẹ̀ lọ.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí àdògán. Èédú onígi, bó ṣe mọ́ tó yẹn, bí kò ṣe rú èéfín yẹn, òun gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀. Bí ó bá ń pọ́n nínú yàrá tí atẹ́gùn kò tó, gáàsì carbon monoxide ló ń tú jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Ẹ̀jẹ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní igba ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, nítorí náà bó bá ti wọlé, afẹ́fẹ́ kò rí àyè jókòó mọ́. Ní ilé wa, gbàgede ni àdògán ń gbé, tàbí ilé ìdáná tí òkè rẹ̀ ṣí. Ilé Bradford tí wọ́n ti fi fèrèsé onídígí méjì dí pa kì í ṣe ilé ìdáná Ọ̀fà. Nílé àti lẹ́yìn odi, mo ti gbọ́ ìròyìn àwọn tó gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wọ yàrá nítorí òtútù, tí ilẹ̀ kò mọ́ bá wọn.

Ààrò yín náà lè tú gáàsì yẹn bí ihò èéfín bá dí. Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ti ṣe kí ẹ tó ṣáná ni kí ẹ pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín. Ilé tó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáná níbẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ lè wà nínú ihò náà. Bí ẹ kò bá tíì pè é, ẹ jẹ́ kí iná náà kú lálẹ́ yìí, ẹ má sì dá a mọ́ títí yóò fi wá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán fún èédú tí kò ní èéfín. Ẹ má fi àkísà dí ihò atẹ́gùn tó wà lára ògiri. Iná gbọ́dọ̀ rí nǹkan mí.

Àwọn àgbà tó ń gbé níbí máa ń bo ẹ̀yin iná lóru kó lè di òwúrọ̀. Iná kú, ó fi eérú bojú, àwa náà mọ̀ ọ́n. Èmi kì í gba ẹni tó ní ìkókó nílé nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Iná tí a bò mọ́lẹ̀ ń jó láìrí afẹ́fẹ́ tó, ihò èéfín sì ti ń tutù. Ìgbà yẹn ni gáàsì náà máa ń yí padà wọlé. Ẹ má fi èédú kún un mọ́ bó bá ti ku wákàtí méjì kí ẹ sùn.

Ẹ mọ àmì rẹ̀: orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ bí ẹni pé òtútù mú yín, tí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń ṣe, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá jáde síta. Ìkókó kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Oorun àsùnjù ni ẹ ó kàn rí. Ẹ gbé àwọn ọmọ, ẹ jáde, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ pe 999 láti ìta.

Eérú náà nìyí, nítorí mo mọ àwọn ìyá wa. Eérú igi tàbí ti èèpo kòkó ni a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Eérú èédú ilẹ̀ kò ṣeé fi ṣe ọṣẹ, ẹ má sì dà á sídìí ẹ̀fọ́. Nǹkan bí òjé àti àwọn májèlé mìíràn lè wà nínú rẹ̀. Inú garawa irin onídèérí ni kó wà, ní ìta, lórí òkúta, fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó wọ ibi ìdalẹ̀nù. Ẹ̀yin iná máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ sọ fún Màmá pé iná wọn kò ṣòfò, pé ọ̀dọ̀ gílóòbù ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ mànàmáná Ratcliffe-on-Soar pa, lára iná mànàmáná Britain ṣì ń wá láti inú èédú, bó ṣe rí láti 1882 tí wọ́n kọ́kọ́ tan ti Holborn Viaduct ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá fẹ́ kàwé nídìí ààrò, ẹ gbé àga wọn síbẹ̀, kí ẹ tan fìtílà orí tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Kí ọkọ yín lọ ra àláàmù carbon monoxide lónìí, èyí tó ń ké fúnra rẹ̀. Pálọ̀ tí ààrò wà ni kí ẹ fi ọ̀kan sí, ní mítà kan sí mẹ́ta sí ààrò náà, kí òmíràn wà níbi tí àwọn ọmọ ń sùn. Kó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó: ọdún tí yóò ṣíwọ́ iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.